Omi Dúdú Nínú Ọgbà Àna

Ọkùnrin tí Aurore rí létí ọ̀nà Idigny ti ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù omi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Òórùn rẹ̀ burú, ọkùnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín. Aurore fi ìborùn bo imú.

“Mùsíè, kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

“Ìyàwó.”

Háà! Ẹnu ya Aurore, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ládélé lorúkọ rẹ̀, ará Kpankou. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù ló ń dé mọ́ dúrọ́ọ̀mù títí wọn yóò fi jẹrà di omi. Ó ní èròjà inú omi yìí máa ń gbá òjé mú nínú ilẹ̀, tí a bá sì fi omi ṣàn án, wọ́n á jọ jáde. Aurore ò gbọ́ tó ìdajì. Ojú ọkùnrin náà ló ń wò. Kí òjò ọdún náà tó dá, “olóòórùn mi” ló ń pè é.

Ládélé bu erùpẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ tí ìyá Aurore fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ojú rẹ̀ ti yí nígbà tó dé.

“Aurore mi, òjé kún ilẹ̀ yìí. Má jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀ mọ́.”

Aurore yíjú sí ọgbà náà. Ọgbà màmá?

Bàbá rẹ̀, Akínkúnlé ọdẹ, gbọ́, ó fò jáde. “Ìwọ apo-ìgbẹ́ lo ń pe ilẹ̀ mi ní májèlé? Má tẹ ilé yìí mọ́!”

Bí Ládélé ṣe lọ tán, ojú Aurore bọ́ sórí agbada irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń yọ́ òjé bátìrì mọ́tò, tó fi ń rọ ọta ìbọn láti ìgbà tí Aurore ti gbọ́njú.

“Bàbá, ẹ wò ó.”

Bàbá wò ó. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, Ládélé àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé bí ẹni wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, ṣùgbọ́n garawa omi dúdú ni wọ́n gbé wá. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí i láti gba omi tí yóò gbé òjé jáde. Bàbá jáde sí wọn.

“Ọ̀wẹ̀ àna ta ni? O tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi rí?”

“Rárá, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́. Ó lè pẹ́ o.”

Ohùn bàbá wọlẹ̀. “Ìyá rẹ̀ náà jẹ nínú ẹ̀fọ́ yẹn.” Ó gba garawa lọ́wọ́ Ládélé, ó da omi náà sórí ilẹ̀ ọgbà fúnra rẹ̀. “Ó yá, tọrọ rẹ̀.”

Gbàlàjà, Ládélé dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ olóòórùn náà. Omijé ti bo Aurore lójú; kò rántí bo imú.

“Olóòórùn mi, kí lo ń wá níbẹ̀?”

“Ìyàwó.”

“O ti rí i. Dìde.”