Ẹ̀rọ Agégi Tí Kò Kú

Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fojú kan ara wọn, irọ́ ni obìnrin náà fi kí ọkùnrin náà káàbọ̀.

Àǹtí Ẹlẹ́rọ ni gbogbo ọjà àlòkù ń pè é. Kò sí Sátidé tí kì í dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ̀rọ agégi àlòkù ló ń wá kiri: èyí tó ti dípẹtà, èyí tí kì í tan mọ́, èyí tí opó gbé jáde lábẹ́ ibùsùn. Á rà á ní owó pọ́ọ́kú, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á tú u palẹ̀, á fọ̀ ọ́, á tún un tò. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ á ti máa gé igi lọ ràì.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ o, ẹni tó ń ra àlòkù kì í yin ọjà lójú ọlọ́jà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ ní ojú tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ pẹ̀lú. Á fa okùn lẹ́ẹ̀kan, á pòṣé, á mirí, á ní, “Òkú ẹ̀rọ ni.” Ọlọ́jà á sì gé owó rẹ̀ kù. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ọkùnrin kan tẹ́ kọ́tìnnì àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Oníṣíbí, ẹni tó ń ta abọ́ àti ṣíbí àlòkù. Ó to àáké, fáìlì ìpọ́nrin, ìbọ̀wọ́ awọ àti ẹ̀rọ agégi kan sórí rẹ̀. Ọ̀dà funfun wà nínú irun rẹ̀ àti lára bàtà rẹ̀, torí akunlé ni. Kò mọ ọjà tà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti nawọ́ sí nǹkan, á ní, “Ti bàbá mi ni,” bí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rà á.

Àǹtí Ẹlẹ́rọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣí ọmọrí táǹkì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì wà nínú epo náà dáadáa. Ó fa okùn, okùn náà sì fà á lọ́wọ́ padà. Àyà ẹ̀rọ náà ṣì le koko. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé epo ni kò dé ibi tó yẹ kó dé. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá fa ojú ro bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

“Ó mà ṣe o, bọ̀dá. Òkú ẹ̀rọ ni.”

Ibi tí ọlọ́jà mìíràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nìyẹn. Akunlé kò jiyàn. Ó bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bi í.

“Kí ló pa á?”

Ọ̀rọ̀ náà bá a lójijì. Èyí tó yá lẹ́nu rẹ̀ ló sọ.

“Ẹnì kan ló da epo lásán sí i, kò po ọ́ìlì mọ́ ọn. Písítìnì ti jóná nínú.”

Akunlé wo ẹ̀rọ náà títí. “Ṣé ó dá yín lójú?”

“Iṣẹ́ mi nìyí, bọ̀dá. Kí ni màá rí gbà níbẹ̀ bí mo bá parọ́ mọ́ irin?”

“Ẹ ṣé,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá, kí ẹ máa gbé e lọ. Ó kéré tán, a ti mọ̀ báyìí.”

Àǹtí Ẹlẹ́rọ kò bi í pé kí ni wọ́n ti mọ̀. Ì bá ti bi í!

Ní ọjọ́ kejì, ó tú ẹ̀rọ náà. Rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kàbùrétọ̀ ló ti gbó, tó ti sán. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ogbó ló ṣe rọ́bà. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fọ kàbùrétọ̀, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ náà bú ramúramù.

Ó yẹ kó tà á ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ Sátidé náà, Akunlé tún tẹ́ kọ́tìnnì rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ti ra búrẹ́dì àti tíì dè é.

“Èmi lẹ rà á fún? Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ sòótọ́ fún mi nínú ọjà yìí. Ẹni tó ra àáké ní igi rẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tó ra fáìlì ní kì í ṣe fáìlì rárá. Ẹ̀yin wò ó, ẹ sì sọ ohun tó ṣe é.”

Tíì náà gbóná, ṣùgbọ́n ìtìjú tó gba ojú obìnrin yìí gbóná jù ú lọ. Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Kò sọ ọ́. Ẹ̀rín ló fi bò ó.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Irinṣẹ́ tán lórí kọ́tìnnì, Akunlé ò yé wá. Ìyá Oníṣíbí pariwo, “Ẹni tí kò ní nǹkan kan tà mọ́, tó ṣì ń tẹ́ aṣọ, kí ló ń tà? Ara rẹ̀ ló ń tà! Àǹtí Ẹlẹ́rọ, tètè rà á kó tó wọ́n!”

Akunlé kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún un láìgbowó. Ìgbà tó kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, obìnrin náà fẹ́ fà á padà.

“Ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣí.”

“Ọ̀dà wà lọ́wọ́ tèmi náà. Adúmáadán mi, ta ló máa fọ ọwọ́ fún ta nínú àwa méjèèjì?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé, bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ níta, á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó rí i. Ṣùgbọ́n kí Akunlé tó wọlé, á kọ́kọ́ sáré ti ẹ̀rọ kan sábẹ́ tábìlì, á da àpò bò ó. Wọ́n wá ná ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó gidi. Ó ní kì í ṣe títà.

Nígbà tó yá, Akunlé mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ògiri pálọ̀ wọn ní àwọ̀ oríṣiríṣi, torí ibẹ̀ lọmọ ti ń dán ọ̀dà wò. Àga mẹ́rin yí tábìlì ká, ṣùgbọ́n wọ́n ti to aṣọ lílọ̀ ga sórí ọ̀kan débi pé kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀.

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Ìwọ lo sọ òtítọ́ fún wa. Ọmọ mi, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ kí n tó mọ̀ ọ́.”

“Òtítọ́ wo, Mà?”

“Ti ẹ̀rọ bàbá wọn. Ọmọ mi kékeré ló lò ó kẹ́yìn. Ara bàbá wọn ò yá, ó rán an lọ gé igi kan fún oníbàárà. Ọmọ padà dé, ó ní ẹ̀rọ ò tan mọ́. Bàbá wọn fi ìbínú dìde lórí àìsàn, ó mú àáké lọ. Ibẹ̀ ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Mo bi ọmọ yẹn: ṣé o po ọ́ìlì mọ́ epo? Ó búra pé òun pò ó. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ọjà dé, tó ní ẹlẹ́rọ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, o pa ẹ̀rọ, o pa bàbá rẹ, o tún ń búra èké fún mi? Mo lé e jáde. Ilé búrẹ́dì ló ń sùn báyìí, láàárín àpò ìyẹ̀fun.”

Àǹtí Ẹlẹ́rọ wo àga tí aṣọ wà lórí rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ẹ wá gbọ́ ohun tó rí sọ: “Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà.” Ẹ pẹ̀lẹ́! Gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sá fún Akunlé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Oníṣíbí, ó rò pé yóò ní kò sí nǹkan.

“Gbogbo wa la ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà, àbí?” ó ní.

“Gbogbo wa ni,” Ìyá Oníṣíbí dáhùn. Ó ń nu ṣíbí kan lọ, kò rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n irọ́ ọjà, ẹnu ọ̀nà ọjà ló yẹ kó pin sí. Tìẹ ti wọlé onílé, ó ti lé ọmọ ọlọ́mọ síta. Èmi ò lè bá ọ nu ìyẹn.”

Akunlé wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. “Ìfẹ́ mi, kí ni mo ṣe? Ìyá mi ní bóyá ẹkún òun ló dẹ́rù bà ọ́.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa ẹ̀rọ jáde lábẹ́ tábìlì, ó ká àpò kúrò lórí rẹ̀, ó sì fa okùn. Ẹ̀rọ náà bú. Akunlé mọ ohùn náà. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ kí bàbá rẹ̀ tó wọlé. Ó fọwọ́ ti ògiri tí òun fúnra rẹ̀ kùn.

“Kò kú rí,” obìnrin náà ní, nígbà tó ti pa á. “Rọ́bà ló sán. Àbúrò rẹ kò jẹ̀bi. Mo purọ́ kí o lè gé owó.”

“Mo sì bi ọ́.” Akunlé kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. “Mo bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú.”

“O bi mí.”

“Ẹnu ara mi ni mo fi gbé irọ́ rẹ délé. Òtítọ́ yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ ni kó gbé e lọ fún ìyá mi.”

Ó lọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà la àdúgbò kọjá, rọ́bà tó sán wà nínú àpò rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ní àgbàlá ìyá Akunlé. Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìyá náà gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó rí ibi tó ti sán.

“Tan án kí n gbọ́.”

Ó tan án. Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé.

“Ó tó. Pa á.” Ìyá náà jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Irọ́ tìẹ, ti ọjà ni. Èmi tí mo gba ẹni tí mi ò mọ̀ rí gbọ́, tí mo lé ọmọ tí mo pọ̀n, kí ni ká pe tèmi?” Ó dìde, kò dúró wé gèlè. “Máa lọ ná. N kò lè wo ojú rẹ lónìí. Ilé búrẹ́dì ni mò ń lọ.”

Ohun tí ìyá àti ọmọ sọ láàárín àpò ìyẹ̀fun, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò Akunlé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

“Níbo lẹ ti sọ ọ́, àǹtí?”

“Ní ọjà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tún un sọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.”

Ní Sátidé, Àǹtí Ẹlẹ́rọ gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí kọ́tìnnì Akunlé wà nígbà náà. Ó gbóhùn sókè. “Ẹ̀yin ará ọjà, mo ní ẹ̀rọ yìí ti kú, mo ní ẹnì kan ló jó o. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jó o.”

Bàbá kan tó ń ta irin pariwo, “Tèmi tí o rà lóṣù tó kọjá ńkọ́? Òun náà sùn ni?”

“Kò kú, bàbá. Mo purọ́.”

“Tèmi tó jẹ́ ti ọkọ mi?”

“Kò kú, Mà.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi í lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń dáhùn, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé góńgó. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ lásán, ọlọ́jà á fowó lé e. Nígbà tó sú wọn, àbúrò Akunlé, tó ti ń gbọ́ láàárín èrò, mi orí. “Ó tó,” ó ní, ó sì lọ.

Akunlé dúró lẹ́yìn ìsọ̀ Ìyá Oníṣíbí. Ó rìn wá.

“Màmá ní kí o wá jẹun lọ́la.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo ní?”

“Èmi ṣì ń bínú.”

“Títí di ìgbà wo?”

“N ò mọ̀.” Ó tẹ̀ ba, ó bá a gbé ẹ̀rọ náà. “Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo ti fẹ́ máa bínú.”

Lọ́jọ́ kejì, kò sí aṣọ lórí àga mọ́. Àbúrò ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àǹtí Ẹlẹ́rọ kò lè gbójú sókè. Ó ń wo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ìyá náà wo tábìlì, ó wúkọ́ díẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “omi ò sí níwájú ọkọ rẹ kékeré.”

Ìyàwó! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ taari àga ṣubú. Ó bu omi, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àbúrò gbà á. Ó wo inú ife náà fínnífínní, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

“Ṣé ẹ po ọ́ìlì mọ́ ọn?”

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó di ẹkún. Akunlé tẹ̀ lé e. Ìyàwó wọn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọlọ́ìlì méjèèjì bo ojú, ojú ń tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín.