Sọ́kẹ́ẹ̀tì Kẹtàdínlógójì

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjò ń rọ̀, oòrùn sì ń ràn pọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí mo gbé àkàbà mi wọ ilé-iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń yẹra fún àdúgbò náà. Bí iṣẹ́ bá gbé mi gba ibẹ̀, òdìkejì títì ni mò ń gbà, màá sì máa wolẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báyìí sanra, ẹ̀rín kò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó tọ́ka sí tẹlifóònù iwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n oníwáyà, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá mi lé àlejò mi lọ o. Nígbà tí wọ́n ń gbà mí síṣẹ́, wọn ò sọ pé màá máa bá òkú sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń ṣe é?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lójoojúmọ́, bó bá ti di aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ń dún. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì ló ń hàn lójú rẹ̀. Bí mo bá gbé e, ẹnì kan á máa mí, bí ẹni tó sáré wá. Títì sì ni yàrá fáìlì tí nọ́ńbà náà ti ń wá wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Mo ní ó lè jẹ́ pé wáyà méjì fara kan ara wọn nínú àjà. Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn oníbàárà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí wáyà kankan nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlógójì.

Èmi ni mo ṣe é. Iṣẹ́ wa ni kí a fa wáyà tẹlifóònù àti ti kọ̀ǹpútà sínú àwọn ọ́fíìsì. A ó gbé e gba inú àjà, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ògiri, a ó so orí rẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó sì kọ nọ́ńbà sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí a tó fàmì sí i lórí ìwé ìdánwò. Yàrá fáìlì tó wà nísàlẹ̀ ilé ló gbẹ̀yìn. Fóònù alágbèéká kì í ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a fa wáyà débẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, ilẹ̀ ti ń lọ, mo sì ń kánjú àtirelé. Ó ku nǹkan bí ìwọ̀n apá mẹ́ta kí wáyà débẹ̀ ló tán nínú páálí. Mo ká orí rẹ̀ sínú àjà, mo de ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri lórí ihò òfìfo, mo kọ mẹ́tàdínlógójì sí i, mo sì fàmì sí ìwé. Mo ní bó bá di ọjọ́ Ajé, màá padà wá. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n rán mi lọ síbòmíràn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fáìlì, kó wọ yàrá náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tí iwájú orí rẹ̀ kì í ṣaláìní ìpara ẹ̀fọ́rí. Lọ́jọ́rú, àyà rẹ̀ dédé há. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti kú, ilẹ̀ ló wà, ó di etí tẹlifóònù mú ṣinṣin. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti fọ́. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló dúró sí.

Ìwé ìdánwò ni wọ́n wò, wọn ò wo ògiri. Ìwé ní tẹlifóònù náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ní ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló sùn tí kò gbọ́ ọ, wọ́n sì lé e.

Ẹni náà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Òun ló bá wa sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ibẹ̀ fún wa.

Ó búra títí pé kò dún. Bàbá Olóorun ni wọ́n ń pè é ládùúgbò títí dòní. Lọ́jọ́ Àìkú, á wá jókòó nílé wa, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àna mi," á ní, "àbí mo sùn lóòótọ́ ni? Ó ti wá ń ṣe mí bí ẹni pé mo sùn." Èmi á ní, "Ẹ gbàgbé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín." Omi náà ni mo máa ń sá lọ bù.

Mo gba kọ́kọ́rọ́. A ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń tọ wáyà. Apá kan, a ó fi há orí wáyà nínú àpótí tí gbogbo wáyà ilé parí sí. Apá kejì, a ó máa gbé e kiri lára ògiri. Ibi tí wáyà bá gbà, á máa ké bí ìrẹ̀. Ibi tí wáyà bá ti parí, á dákẹ́. Ó tó wákàtí kan kí n tó yọ wáyà kẹtàdínlógójì láàárín àwọn yòókù nínú àpótí; mo fi apá kìíní há a, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì.

Òórùn ìwé àti ìpara ẹ̀fọ́rí ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Tẹlifóònù wà lórí tábìlì. Eruku ti bò ó, àfi ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú.

Mo gun àkàbà, mo ṣí àjà. Wáyà náà wà ní kíká bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e lé ògiri, mo ń retí kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́. Mo tú ìdè méjèèjì tó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òwú aláǹtakùn nìkan ló wà nínú ihò. Ẹ̀rọ náà ń ké sí i. Mo gbé e kúrò lára ògiri, ó ń ké lórí tábìlì, ó ń ké lẹ́bàá àga, ó wá ké jù lọ lórí ilẹ̀, níbì kan tí kò gùn ju ènìyàn lọ.

Mo pa á. Ó ṣì ń ké.

Ọwọ́ mi ló gbé etí tẹlifóònù, èmi kọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀.

"Hẹ̀lóò?" Ohùn obìnrin ẹnu ọ̀nà ni. "Ẹ̀gbọ́n oníwáyà! Ẹ ti tún un ṣe nìyẹn? Ó mà já geere!"

Ẹnì kan ń mí sí mi létí kejì, etí tí kò sí tẹlifóònù. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Mo mọ̀ pé kò dún lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀."

Obìnrin ẹnu ọ̀nà tún sọ̀rọ̀ nínú tẹlifóònù.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?"

Mo wo aago mi. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

N kò da ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà sára ògiri. Mo fi í sápò, mo gun àtẹ̀gùn dé òkè, mo sì kan ilẹ̀kùn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tó ní kí n wọlé, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kí ó jọ̀wọ́ mú ìwé ìdánwò tí mo fọwọ́ sí jáde.