Kọ́kọ́rọ́ Tó Pọ̀ Jù

Ọkùnrin kan wọlé bá ọmọbìnrin kan ní yàrá kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Òjò ti pa á, bàtà ọwọ́ rẹ̀ sì la ẹnu bí ẹni tí ebi ń pa. Ọkùnrin náà dúdú, ó ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì jìn kòtò nígbà tó rẹ́rìn-ín. Ká ní èmi ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi tó ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́ yìí, ǹ bá ti fò dìde.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni akọ̀wé tuntun ní síto tí wọ́n ń kó ọjà sí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń ṣílẹ̀kùn."

Ọmọbìnrin náà ni lóòótọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìròyìn okòwò iléeṣẹ́ wọn wà: ọjà tó wọlé, èyí tó jáde, èrè, àti owó oṣù oníkálukú. Kálukú ló ní ibi tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ, ọmọbìnrin yìí ló sì ń pín in. Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ó yọ ṣálì ọrùn rẹ̀ fún un kó fi nu ẹsẹ̀. Bí ẹni tuntun bá dé, á wá orúkọ ẹni tí iṣẹ́ wọn jọ jẹ́ ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, á sì fún un ní àyè kan náà. Ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà. Dípò akọ̀wé síto àtijọ́, orúkọ ọ̀gá àgbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀. Kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wọn wá dọ̀rọ̀ ọsàn. Ọkùnrin náà á bó o wá lọ́sàn-án, wọ́n á jọ mu ún, á ní bí ọmọbìnrin náà ṣe ń dijú mu ún yẹn, ọsàn náà ń tijú. Ìyá ọmọbìnrin náà gbọ́, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin tó bá ń rẹ́rìn-ín sí oníkọ́kọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kó o máa wò. Bàbá rẹ náà mọ ẹ̀rín ín rín."

Ìgbà tó yá, àwọn ayẹ̀wéwò, tí ń yẹ ìwé owó iléeṣẹ́ wò, ń bọ̀. Ọ̀gá ní kí ọmọbìnrin náà yẹ àyè oníkálukú wò. Ó dé orí orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò ṣí sílẹ̀ fún un.

Ta ló máa gbà pé àṣìṣe ni, nígbà tí gbogbo iléeṣẹ́ mọ ẹni tó ń bó ọsàn fún un? Bó bá tì í ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló tì í. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Ẹ̀rọ náà tún ń kọ ohun tí kálukú ṣí. Bó bá tẹ ibẹ̀, á mọ̀ bóyá òun ni ọkùnrin náà fẹ́ tàbí kọ́kọ́rọ́. Ó nawọ́, ó ká a kò. Ó sáré lọ tọ̀, ó tún padà lọ tọ̀. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí àpòòtọ̀ sinmi.

Ó tẹ̀ ẹ́. Owó oṣù. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, síto nìkan.

Ó lọ bá ọkùnrin náà láàárín àwọn páálí ní síto. "Kí lo rí?"

Ọkùnrin náà rọra gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Owó oṣù gbogbo wa. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni. Nígbà tí mo rí i pé kì í ṣe tèmi, mo tì í."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù. Wọ́n á lé ẹni tó fi ṣálì rẹ̀ fún mi nu ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ń bà mí kó o má lọ rò pé torí kọ́kọ́rọ́ ni."

"Ohun tí mo rò náà nìyẹn."

Ó dun ọkùnrin náà, kò bò ó. Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó ní kí àwọn lọ bá ọ̀gá.

Ọmọbìnrin náà ló ṣáájú gun àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pàápàá pamọ́. Ọ̀gá wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó bú wọn dáadáa, ó fún àwọn méjèèjì ní ìwé ìkìlọ̀. Kò lé ẹnì kankan. Ó kàn ní láti òní lọ, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀kùn ṣí mọ́; ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà dúró. "Oníkọ́kọ́rọ́ mi, mo fẹ́ wọlé rẹ, kí n má jáde mọ́."

Ọmọbìnrin náà nu ojú ara rẹ̀. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ ni? Èmi ti fọwọ́ sí i. Ó ku ẹnì kejì."

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọmọbìnrin náà, òógùn bò ó ju òjò ọjọ́sí lọ. Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn.

"Kọ́kọ́rọ́ wo lo wá gbà?"

"Kò sí, mà. Ọwọ́ yín ni kó wà. Inú ilé ni mo fẹ́ wà."

Ìyá sọjú sílẹ̀, ó rí bàtà tó la ẹnu, tí wọ́n fi okùn dì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ́ nǹkan yẹn síta," ó ní, "kó o wọlé."