Ọ̀já Tí Aró Rẹ̀ Kò Yọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já lọ́wọ́ èèyàn ní ẹnubodè, Ìyá Aláró jókòó ti ìkòkò rẹ̀, aró mù ún dé ìgúnpá, ó ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ó dùn láti rántí àdúgbò aláró nígbà náà. Gbogbo ojúlé ló ní ìkòkò tirẹ̀. Odò ẹ̀yìn ilé a máa ṣàn ní àwọ̀ aró, àwọn ọmọ tó bá lọ wẹ̀ níbẹ̀ a gbé etí tí aró ti kùn bọ̀ wálé, ìyá wọn a sì nà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín. Aṣọ ìlú náà kì í ṣá. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá á tún fi sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀.

Ogun òde ti parí lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun tí wọn kò fún nílẹ̀ oko ti wọ igbó, wọ́n sì ti di olè ojú ọ̀nà. Wọ́n á wọ ìlú lọ́sàn-án gangan bí ẹni wá rajà, wọ́n á wo ẹni tó ń di ẹrù, wọ́n á sì lọ dè é lọ́nà. Ọba pe ìgbìmọ̀, ó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí àṣẹ ṣe jáde nìyẹn pé kí gbogbo ọmọ ìlú so ọ̀já aláró mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, àti pé ẹni tí kò bá ní kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè.

Àwọn aláró kò rímú mí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń ri ọ̀já bọ aró, wọn kò sì ráyè ṣàn án kí wọ́n tó pín in, nítorí náà aró kun ọrùn ọwọ́ gbogbo ìlú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn ni.

Àmọ́ Ìyá Aláró ní àbúrò kan tó ń tajà iyọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọmọ ìrákòrò ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gùn dàgbà. Ẹnu-Ò-Sinmi ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í fi ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè so ọ̀já ìkánjú mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà mọ́kànlá ló ri tirẹ̀ bọ aró, ó ń sá a gbẹ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣàn án lódò títí omi fi mọ́. Aláró tó bá mọṣẹ́, aṣọ rẹ̀ kì í kun èèyàn lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí nígbà tó ń so ó fún un láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí ìrìnàjò iyọ̀, "ṣé ọ̀já lásán lèyí, àbí ẹ fẹ́ fi mí joyè ni?"

Kò tíì dé láti ìrìnàjò náà tí àwọn olè fi já ọ̀já lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n pa, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ara wọn, wọ́n wọlé, wọ́n sì sun àká ìlú. Nígbà náà ni Olórí Ẹ̀ṣọ́ gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀, ọgbọ́n náà sì dùn létí. Ó ní ọ̀já ṣeé jí, àmọ́ aró tó ti wọ ara kò ṣeé jí. Kí wọ́n máa tú ọ̀já, kí wọ́n wo awọ. Ẹni tí awọ rẹ̀ bá mọ́, olè ni. Kí wọ́n lé e jáde kí oòrùn tó wọ̀, bó bá sì padà wá, ikú ni. Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọgbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ ni aládùúgbò kan sáré wá sọ fún Ìyá Aláró pé wọ́n ti mú àbúrò rẹ̀ ní ẹnubodè. Kò dúró nu ọwọ́. Ó bá a láàárín àjèjì mẹ́rin, ẹrù iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni wọ́n ń wá, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ òun.

Ìyá Aláró kúnlẹ̀ níwájú Olórí Ẹ̀ṣọ́. Ó ṣàlàyé ìgbà mọ́kànlá, ó ṣàlàyé odò.

"Ẹ wo aṣọ tó wà léjìká yín," ó ní. "Èmi ni mo pa á láró. Ṣé ó ti kùn yín lára rí?"

Olórí Ẹ̀ṣọ́ gbé etí aṣọ náà sókè, ó wò ó títí. "Ìyá, mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ̀ ń sọ. Àmọ́ bí mo bá fi ẹni tí mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, kí ni màá sọ fún ẹni tí mi ò mọ ará ilé rẹ̀?"

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé."

"Ìka tó ṣẹ̀ náà ni mò ń wá, Ìyá. Gbogbo ìka ti jọra lójú mi."

Kò rí ohun mìíràn ṣe. Ó yíjú, ó sì gbá ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tutù fún aró. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ojú ìka márààrún hàn lára rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ojú ló rí i, aró òní kò sì lè jẹ́rìí àná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbójú sílẹ̀. Ẹnu àbúrò rẹ̀ sinmi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń wo ojú ìka náà.

"Ẹ má sunkún," ó wá wí. "Ọwọ́ yín ló sìn mí jáde."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Kò pé oṣù méjì tí àwọn olè náà wá aró tiwọn, wọ́n sì ń fi kun ọwọ́. Òfin náà kò dá wọn dúró mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fagi lé e. Ẹ̀rù ti ba aráàlú, aṣọ tó ń kun ara nìkan ni wọ́n ń béèrè, ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni àwọn aláró ń ṣe. Àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ra aṣọ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, ó ṣá, wọn kò padà wá. Ìyá Aláró dojú ìkòkò tirẹ̀ bolẹ̀, ó ní òun kò ní ba iṣẹ́ ìyá òun jẹ́.

Ó ti darúgbó, ikán sì ti jẹ ilẹ̀kùn ẹnubodè, nígbà tí oníyọ̀ kan wá béèrè ilé rẹ̀. Ó tú ìdì kékeré kan, ó mú ọ̀já aláró kan jáde. Ó ní ọkùnrin aláwàdà kan ló fi rán òun kó tó kú nílùú òkèèrè, pé kí òun béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ó ti ṣá.

Ìyá Aláró gbé ọ̀já náà sójú oòrùn. Ó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó ká a kúrò lórí okùn. Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò ṣá," ó ní.

Ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí aró ti tán lára ọwọ́ náà, ó mọ́ nini. Ká ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣì wà ní ẹnubodè lọ́jọ́ náà, wọn ì bá lé òun náà jáde.