Ìléru Kì Í Sinmi

"Tún un wí kí n gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tún un wí. "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ ní ilé-iṣẹ́ ìgò yín tó kọjú sí ilé ìyá mi àgbà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Kí ló dé tí a ò rí èéfín níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má bù mọ́ ọn, má bù kúrò níbẹ̀. Agbẹjọ́rò mi, máa lọ."

Agbẹjọ́rò ni Ìyá Àgbà ń pè é láti kékeré, torí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí wọ́n bá ń ṣe àríyànjiyàn níléèwé, òun ni ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tì síwájú.

Ọkọ Ìyá Àgbà tó ti dolóògbé ló ń ṣọ́ ìléru nílé-iṣẹ́ yẹn. Ìpín tó rà nínú ilé-iṣẹ́ náà ló fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn ọ̀gá ń pe gbogbo onípìn-ín jọ láti jíhìn bí wọ́n ṣe ṣòwò, ẹni tó bá sì ní ìbéèrè á bi wọ́n. Òfin ló pọn ọ́n ní dandan, torí owó ará ìlú ló wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà lè lọ. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì lè ṣojú fún un.

Gbọ̀ngàn náà tutù, àga ibẹ̀ sì rọ̀ débi pé oorun lè gbé èèyàn lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sọ ọ́ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà kò tíì jókòó dáadáa tí ọkùnrin kan fi wá bá a. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni láti máa gbọ́ ti àwọn onípìn-ín, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo wọn ń pè é.

"Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. Ìyá wa ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"O ti fẹ́ jáde níléèwé girama, àbí? Ta ló máa rán ọ lọ sí yunifásítì?"

Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ti ní kó fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ọkàn ìyá náà gan-an kò balẹ̀.

"Ilé-iṣẹ́ wa máa ń rán àwọn ọmọ tó mọ̀wé lọ," ni Ẹlẹ́rìn-ín ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èmi ni mò ń kọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n wo àwọn oníròyìn tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Irú ìbéèrè yìí lè ba ìpín gbogbo wa jẹ́, títí kan ti ìyá wa. O ṣáà mọ ohun táwọn àgbà wí. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú..."

"À á fi tọmọ jẹ́ ẹ," ni ọmọ náà bá a parí rẹ̀.

"Ọmọ ọlọgbọ́n."

Nígbà tí alága bèèrè bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè, ọmọ náà rò ó pé kí òun dìde. Ó ro yunifásítì. Ó wolẹ̀. Alága ní ó dáa, kò sí ìbéèrè, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Òun náà bá wọn pa á.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ìyá Àgbà bi í kó tó bọ́ bàtà.

Ọmọ náà kò tíì ro ohun tó máa sọ rárá. "Wọ́n ní àwọn fún ìléru ní ìsinmi ni, mà. Àwọn máa tó tanná sí i padà."

"Níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìsinmi," ni Ìyá Àgbà tún wí.

Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì kì í sinmi. Bó bá fi lè tutù, gíláàsì á dì sí i nínú, ògiri rẹ̀ á sán, kò sì sí ẹni tó lè tàn án mọ́. Wíwó ni wọ́n máa wó o, kí wọ́n tó mọ òmíràn. Torí ẹ̀ ni bàbá àgbà kì í fi í sí nílé lọ́jọ́ ọdún. Orogún ni Ìyá Àgbà ń pe ìléru náà nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó ní orogún tí kì í sùn, kì í jẹ́ kí ọkọ ẹni náà sùn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Ìyá Àgbà tẹ àjọ tó ń ṣọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láago. Ó ní àwọn ọ̀gá dúró ní gbangba, wọ́n parọ́ fún àwọn onípìn-ín, ọmọ-ọmọ òun ló fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Àjọ náà bi ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ gbé ohùn ìpàdé náà tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde, wọ́n ní arúgbó náà ń ba àwọn lórúkọ jẹ́, àwọn sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Obìnrin kan láti àjọ náà wá sílé. Ọmọ náà ń gbé omi bọ̀ fún àlejò nígbà tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ìyá, mo gbọ́ ohùn ìpàdé náà látòkèdélẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè nípa ìléru, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Bóyá ẹ lè fà á sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀."

"Mi ò fa nǹkan kan sẹ́yìn. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń parọ́ lọ, ọmọ mi yìí kì í sì í parọ́. Òun nìyí. Ẹ bi í."

Obìnrin náà yíjú sí i. Ọmọ náà gbé omi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹlẹ́rìn-ín fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: "Orúkọ rẹ ti wọlé. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohunkóhun, o ò rántí." Gbólóhùn kan péré ni, kò sì ní pẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Ìyá Àgbà ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́, lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, níwájú ilé ara rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Mi ò bèèrè, mà," ló wí. "Mo dákẹ́ ni."

Kò kọ́kọ́ yé Ìyá Àgbà. "Ìdáhùn tó o mú wá fún mi ńkọ́?"

"Èmi ni mo rò ó fúnra mi."

Ó fi fóònù náà lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì ròyìn gbogbo ohun tí Ẹlẹ́rìn-ín bá a sọ, títí kan òwe rẹ̀. Ìyá Àgbà ń wo òpó èéfín lókè ògiri ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, èyí tí àwọn ẹyẹ ti fi ṣelé.

"Ìbéèrè ni mo fi rán ọ," ló wí. "Mi ò rán ọ ní ìdáhùn."

Kò pẹ́ tí àjọ náà fi ṣí géètì ilé-iṣẹ́ náà. Ìléru ti tutù, ó ti sán, gíláàsì ti dì sí i níkùn. Ìgò tí wọ́n ní àwọn ṣe níbẹ̀, tí wọ́n tún ka èrè rẹ̀ sínú ìṣirò ọdún, ẹnikẹ́ni kò rí i. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá wá jíhìn, Ẹlẹ́rìn-ín náà sì wà lára wọn. Ìpín Ìyá Àgbà já wálẹ̀ pẹ̀lú ti gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ yunifásítì. Ohun tó dun ọmọ náà jù lọ ni pé Ìyá Àgbà kò pè é ní Agbẹjọ́rò mọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ló ń pè é.

Wọ́n pe àwọn onípìn-ín jọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Àgbà ní òun á fẹsẹ̀ ara òun lọ, ó sì fara ti èjìká ọmọ náà títí wọ́n fi dé inú gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ìbéèrè dìde, ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n bá yín bi wọ́n."

"Rárá," ni Ìyá Àgbà wí. "Dì mí mú kí n dìde."

Ó dì í mú. Ìyá Àgbà gbára lé e, ó dìde. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè náà bó ṣe wà, kò bù mọ́ ọn, kò bù kúrò níbẹ̀, àwọn ọ̀gá tó jókòó níwájú kò sì rí ohun tí wọ́n máa fi dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé ló tó yíjú sí ọmọ náà. "Iṣẹ́ ẹrú tí wọ́n ní ká fi tọmọ jẹ́, jíjẹ́ ni wọ́n ní ká jẹ́ ẹ. Wọn ò ní ká gbé e mì. Ẹni tó di owó ẹlòmíràn mú gbọ́dọ̀ jíhìn, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu náà gbọ́dọ̀ jíhìn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà," ni ọmọ náà wí, ó sì tún èjìká rẹ̀ gbé sábẹ́ apá Ìyá Àgbà kí wọ́n lè máa lọ.