Àmín Láti Orí Ibùsùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá tí a sin ìyá mi, mo ṣe Àmín sí àdúrà rẹ̀ kí n tó rántí pé ó ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú. Ní ilé wa ní Agbamu, ìyá mi ló ń gbàdúrà fún gbogbo wa. Rúùtù ni orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tó ṣèrìbọmi. Bí àkùkọ bá ti kọ lẹ́ẹ̀kejì, á kúnlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, á sì máa dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ á ṣe Àmín láti ibi tó bá wà nínú ilé. Kò pọn dandan kí o dìde. Láti kékeré ni mo ti mọ Àmín ṣe lójú oorun, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe é títí mo fi di tísà, tí mo gbéyàwó, tí mo bímọ. Tísà ilé ìwé míṣọ́n ni mí o. Èmi ni mo ń ka àdúrà fún àwọn ọmọ láràárọ̀ láti inú ìwé, ohùn mi a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: n kò tíì bá Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ kan rí tí kì í ṣe pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ máa da ara mi láàmú sí, nígbà tí Ìyá wà níbẹ̀?

Inú ọyẹ́ ni Ìyá kú, ní ọdún tí ìjọba yọ wa kúrò lábẹ́ Kàdúná tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀ pé a ti ní ẹnu tiwa. Àwọn ará ilé tó ti Èkó wá sìnkú lọ tán, ilé pa rọ́rọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá yẹn, mo wà lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá láti òdìkejì ògiri, ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi gbàdúrà. Ó pe Ọláìyá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Òkè-Onígbìn. Ó pe Helen, ìyàwó mi. Ó pe Ọlárónkẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo. Ó wá pe Bámigbóyè, ìyẹn èmi. Mo sì ṣe Àmín.

Helen di apá mi mú. Ojú rẹ̀ ti là kedere.

"Bàbá Ọlárónkẹ́, ta lẹ dá lóhùn?"

"Ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́ orúkọ mi." Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣùgbọ́n mi ò dáhùn. Ta ló ń dá ẹni tí kò rí lóhùn?"

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ọmọ kan lọ́dọ̀ wa tí wọn kò kọ́ pé bí ó bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àmín tèmi ti jáde, kò sì ṣeé kó padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ẹní Ìyá wà ní kíká, ó fara ti ògiri bí a ṣe fi í sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí orúnkún Ìyá ti gbẹ́ kòtò kékeré méjì sínú ilẹ̀ alámọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí eruku rárá. Ibẹ̀ ń dán. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ilé ìwé lọ, mo sì ka àdúrà fún àwọn ọmọ. Mo fo ìlà méjì níbẹ̀.

Àràárọ̀ ni ohùn náà ń wá, orúkọ mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ọjọ́ kẹfà, mẹ́ta péré ni mo gbọ́. Kò pe Ọláìyá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé láti Òkè-Onígbìn, ó ní bàbá náà ti kú ní ìdájí.

Ọ̀rọ̀ wá yé mi, tàbí kí n sọ pé mo rò pé ó yé mi: ẹni tí Ìyá bá ti yọ orúkọ rẹ̀, ikú ló kàn án. Láti ọjọ́ náà, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ń jí ṣáájú àkùkọ, mo ń jókòó sétí ibùsùn, mo ń fi ìka ka orúkọ. Bí mo bá gbọ́ mẹ́ta pé, mo lè jẹun lọ́jọ́ náà. Àmín tí mo ń ṣe lójú oorun tẹ́lẹ̀, mo wá ń pariwo rẹ̀ bí ẹni tí ilé ń jó, kí Ìyá má baà gbàgbé mi.

N kò sọ ohun tí mo rò fún Helen. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ méjì ni mo gbọ́: Ọlárónkẹ́ àti Bámigbóyè. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi, àyè ìyàwó mi ṣófo. Mo fò dìde. Mo pàdé rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, iyẹ̀pẹ̀ wà lára ìró rẹ̀, ara rẹ̀ sì le.

"Ṣé o gbọ́ Ìyá láàárọ̀ yìí?"

"Rárá." Ó wò mí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yin gbọ́ ni?"

"Èmi náà ò gbọ́," mo parọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. N kò jẹ́ kó lọ sódò, n kò jẹ́ kó wọ mọ́tò lọ sọ́jà Ọ̀mù-Àrán. Bó bá wúkọ́, àyà mi á já. Ó tiẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ òun ni. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó tún ń sanra. Kò kú. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù, nítorí n kò mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́.

Nígbà náà ni ibà mú Ọlárónkẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ara rẹ̀ fi gbóná bí ààrò, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ibà kò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo jókòó sétí ibùsùn, mo tẹ́tí. Àkùkọ kọ. Ohùn náà dé.

"Bámigbóyè," ó wí. Ó sinmi díẹ̀. "Bámigbóyè."

Mo dúró de orúkọ kejì. Kò wá.

Mo fi igbe já wọ yàrá Ìyá. "Ìyá, ẹ pè é! Ẹ pe orúkọ ọmọ mi! Ẹ fi tèmi sílẹ̀, kí ẹ pe tirẹ̀!" Mo wólẹ̀ sínú eruku. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, àfi òórùn òrí tí Ìyá máa ń fi pa ẹsẹ̀ nínú ọyẹ́, tó kún gbogbo yàrá. Mo wá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí ọmọ wà.

Mo sáré lọ. Helen kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ. Kì í ṣe ohùn àdúrà tí mo mọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ènìyàn ti ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ara rẹ̀ ṣì gbóná. Oògùn tí mo fún un lánàá, ó ti bì í. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Má fi wá sílẹ̀."

Ọmọ náà di ojú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ mí," ó wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo di ara ilẹ̀kùn mú. "Helen, Ìyá ti yọ orúkọ rẹ̀. Ó ti yọ tìrẹ náà." Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ti Ọláìyá.

Ó gbọ́ mi tán, kò tiẹ̀ dìde. "Bàbá Ọlárónkẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ẹ̀rù ohùn náà ló lé mi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mi ò mọ ẹni tí mo lè ké sí. Ni mo bá ké sí Ọlọ́run fúnra mi, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà mi ò gbọ́ ohùn Ìyá mọ́. Lánàá, ọmọ yìí ní kí n kọ́ òun bí mo ṣe ń ṣe é."

"Ọláìyá ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tá a lọ kí wọn ni? Ó ní bàbá náà lé gbogbo wọn jáde nínú yàrá, ó ní òun àti Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ jọ sọ." Ó wá gbójú sókè wò mí, àánú mi ń ṣe é. "Ta ló kù tí Ìyá ń pè?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ibà ti lọ. Ọlárónkẹ́ mumi, ó sì béèrè àkàrà.

Èmi náà gbìyànjú, ẹ má rò pé n kò gbìyànjú. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé ló ń jáde. Ó ń dún létí mi bí ìgbà tí mo ń ka lẹ́tà onílẹ́tà. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọdún mẹ́ta. Wọ́n fi mí jẹ alàgbà nínú ìjọ, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé bí Alàgbà Bámigbóyè bá gbàdúrà, omi á bọ́ lójú àwọn. Ní ìdájí, Ìyá ṣì ń pè mí láti òdìkejì ògiri. Ó ń darúgbó sí i nínú ikú rẹ̀: lọ́dọọdún ni ohùn rẹ̀ ń há sí i, ó sì wá ń sinmi lẹ́yìn orúkọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Mo ń ṣe Àmín, mo ń yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo ń sùn lọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára, ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ mi.

Lánàá, àkùkọ kọ, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo dúró títí oòrùn fi yọ. Helen àti ọmọ, ìdí tí Ìyá fi dákẹ́ lórí tiwọn ni pé wọ́n ti gba àdúrà wọn lẹ́nu rẹ̀. Èmi kò tíì gba ohunkóhun. Kí ló wá dé tó fi dákẹ́ lórí tèmi? N kò lè jẹun. Mo lọ sílé ìwé, mo padà. Mo lọ sóko, mo padà. N kò lè bi ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ yìí náà, kò wá. Mo dìde, mo wọ yàrá náà, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Eruku ti bo kòtò méjèèjì. Mo fi ọwọ́ gbá a kúrò, mo sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Orúnkún mi wọ̀ ọ́ rẹ́gí. N kò mú ìwé dání.

"Ọlọ́run, èmi ni. Bámigbóyè, ọmọ Rúùtù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Lẹ́yìn mi, nítòsí ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi tì, ẹnìkan ṣe Àmín ní ohùn híhá tí mo mọ̀, bí ẹni tí oorun ṣì ń kùn.

N kò bojú wẹ̀yìn. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ.