Òdòdó Tó Kọjú sí Ilẹ̀kùn Khinvo

Ibi tí oòrùn bá wà ni òdòdó máa ń na ọrùn sí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí àwọn òdòdó hájárì ẹ̀yìn ilé Dhapu kọ́kọ́ tanná, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí oòrùn. Gbogbo wọn, èyí tó pọ́n bí ìyeyè àti èyí tó pọ́n bí iná, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò: ilẹ̀kùn Khinvo, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Oyin kan kò bà lé wọn. Iyanrìn ìdí wọn tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bomi rin wọ́n.

Dhapu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀gún, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rù kò bà á. Inú ló ń bí i. Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú ni inú ti ń bí i, ó ń gbé ìbínú náà sùn, ó ń gbé e jí, bí aboyún ṣe ń gbé oyún.

Hanja, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ni òdòdó náà. Àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀. "Òdòdó nínú aṣálẹ̀! Màmá, ṣé òun la ó jẹ?" Arúgbó á ní, "Ṣé ẹnu nìkan ló ń jẹun ni? Ojú náà ń jẹun." Bí ooru bá ti dẹwọ́, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í ta, á fọ́n irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀. Kò sì fi omi mímu kan ṣòfò lé e lórí. Ní àdúgbò wọn, ẹni tó bá da òróró nù, wọ́n lè fojú fò ó. Ẹni tó bá da omi nù, wọn á bú u débi baba ńlá rẹ̀. Orí ibùsùn olókùn ni wọ́n ti ń wẹ̀, wọ́n á gbé ọpọ́n sábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá ti fọ ara èèyàn ni òdòdó ń mu. Bí wọ́n bá wá tanná tán, Hanja àti Dhapu á da ìborùn onírun àgùntàn bo èjìká, wọn á jókòó síwájú wọn nínú oòrùn àárọ̀, pẹ̀lú rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi jéró ṣe, àti wàrà kíkan. Wọn kì í sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi, jẹ́ kí ojú rẹ yó," ni gbogbo ohun tí arúgbó náà máa ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni òjò kọ̀, tó tún kọ̀ lọ́dún kejì. Khinvo, tó jẹ́ àkọ́bí, fi àgádágodo ti ẹnu táńkà, ihò onísìmẹ́ńtì tí agbo ilé ń tọ́jú omi òjò sí. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Pokar, ọkọ Dhapu, ti lọ fọ́ òkúta ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ibà dá Hanja wó nínú ooru, ilé Khinvo ni wọ́n gbé e lọ, torí pé àkọ́bí ló ń tọ́jú ìyá. Dhapu lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní abúlé baba rẹ̀. Ìgbà tó fi máa dé, wọ́n ti tẹ́ òkú arúgbó náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ètè rẹ̀ ti là yánnayànna bí ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ.

Àwọn obìnrin wẹ òkú náà lórí ibùsùn olókùn kan náà. Omi òkú, iyanrìn òfìfo ni wọ́n ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Dhapu ló gbé ọpọ́n. Omijé ti dí i lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́. Kí Samdu, ìyàwó Khinvo, tó lanu pariwo, ó ti da gbogbo rẹ̀ sí ìdí òdòdó tó ti gbẹ, ó sì ti gbọn ọpọ́n náà nù, bí Hanja ṣe kọ́ ọ.

"Ìyàwó! Kí lo ṣe yìí?"

"Ìyálé, ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ló gbàgbé pé ó ti kú."

Láti ìgbà náà kò bu omi kankan síbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ irúgbìn ọdún tó kọjá hù, ó tóbi, ó sì tanná. Omi inú táńkà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àgádágodo kò já. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn Khinvo. Omi ń lọ ṣáá.

"Olè wà nínú ilé yìí," Khinvo kígbe ní àgbàlá. "Ẹ wo òdòdó olúwarẹ̀ bó ṣe ń dán! Omi tí màmá mi ì bá mu ló fi ń bọ́ ọ láti ìgbà náà. Òun ló fi òùngbẹ pa á!"

Dhapu wà níbẹ̀, ó fi ìbòrí bo ojú dé àyà. Aya àbúrò kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rí ojú òun, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ilé náà, gbólóhùn kan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ sí Khinvo. Ó yíjú sí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ewúrẹ́, bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo wà ní ilé baba mi lọ́jọ́ tí ìyá ń kú. Ta ló wà níbi orí rẹ̀?"

"Ẹ sọ fún ewúrẹ́ yẹn kó pa ẹnu mọ́!"

"Ewúrẹ́, wọ́n ní kí o pa ẹnu mọ́. Ìwọ náà rí i pé ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀."

Samdu fi ìbòrí tirẹ̀ bo ẹnu, bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni. Khinvo tutọ́ sílẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ kejì ọdún Holi, tí wọ́n ń ṣe nígbà tí òtútù bá ń parí, òun yóò pe àwọn àgbà jọ, wọn yóò sì dá Dhapu padà sí ilé baba rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Dhapu mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Obìnrin tí wọ́n bá fi orúkọ apànìyàn dá padà, kò nílé lọ́hùn-ún, kò nílé níbí. Kí Pokar tó dé, wọn á ti fẹ́ ẹlòmíràn fún un.

Nígbà tó yá, Dhapu rí i pé òdòdó wọ̀nyẹn ń yí orí. Bí Khinvo bá jáde lọ wo ràkúnmí, wọ́n á yí tẹ̀ lé e. Bó bá wọlé, wọ́n á dojú kọ ilẹ̀kùn. Etí ewé òdòdó wọn ti là bí ètè tó gbẹ. Òórùn wọn kì í ṣe ti òdòdó, bí aṣọ ẹni tí ibà mú ni.

"Tu wọ́n dànù," Samdu sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ààrò. "Mo bẹ̀ ọ́, Ìyàwó. Mi ò lè sùn."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò lè sùn, Ìyálé? Kí lẹ gbọ́ nínú ilé yín lọ́jọ́ náà?"

Samdu koná mọ́ ààrò.

"Èmi kọ́ ni mo gbìn wọ́n," Dhapu wí. "Mi ò ní tu wọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé, Khinvo fúnra rẹ̀ gbé dòjé wọ inú ọgbà. Ó ní ẹ̀wọ̀n òdòdó ni òun yóò fi kí àwọn àgbà káàbọ̀, kí olè lè rí ohun tó jí bó ṣe wà lọ́rùn wọn. Ó gé gbogbo wọn pátá, ó ku kùkùté. Dhapu dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já, eyín rẹ̀ há mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n pé jọ, Bàbá Ukaram, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà náà, gba ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ó gbé e sí imú, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Khinvo, ta lẹ wẹ̀ nínú omi yìí?"

Àwọn yòókù náà gbé tiwọn sílẹ̀. Khinvo rẹ́rìn-ín, ó kó gbogbo rẹ̀ bọ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó sì dìde láti rojọ́.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ahọ́n lá ètè. "Ẹ fún mi lómi."

Wọ́n fún un. Ó mu ún tán, ó tún béèrè. Ó gbé gbogbo ìkòkò sẹ́nu. Omi náà ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n kò sì tutù. Ilẹ̀ tó dúró lé kò tutù. Ètè rẹ̀ là níṣojú gbogbo wọn.

Ó wá la ẹnu, ohùn arúgbó obìnrin ló jáde.

"Khinvo, ọmọ mi. Omi díẹ̀."

Ohùn tirẹ̀ sì dáhùn láti ẹnu kan náà, pẹ̀lú ìkanra, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Òjò ò tíì rọ̀."

"Kí n kàn fi rin ètè ni, ọmọ mi."

"Ẹ gbé itọ́ mì! Ẹni tó ń kú lọ, kí ló fẹ́ fi omi ṣe?"

Samdu bú sẹ́kún lẹ́yìn ògiri. "Bó ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ní tí mo bá bu omi fún un, òun á tì mí mọ́ta."

Dhapu jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ó rìn láàárín àwọn ọkùnrin náà, ó sì ṣí ìbòrí kúrò lójú. Bàbá Ukaram wolẹ̀.

"Bàbá Lakho," ó pe Khinvo, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ló fi pè é, "ẹ wò mí dáadáa. Ojú ẹni tí ẹ pè lápànìyàn rèé."

Ó já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ṣí táńkà, ó fa omi, ó bu ife idẹ kan kún. Ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kó da omi náà sílẹ̀ lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí iyanrìn mu ún tán. Khinvo ti kúnlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ dúdú.

"Ẹ gbà," ó ní, "kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi náà ṣe é."

Khinvo mu ún. Nínú ọgbà ẹ̀gún, àwọn kùkùté tó gé gbérí. Gbogbo wọn rí i. Wọ́n rúwé, wọ́n sì tanná. Ètè Khinvo ṣì gbẹ.

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ dídá Dhapu padà mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí. Ooru dé, iyanrìn ń jó bí ààrò, ewé kan kò kù lára igi, àmọ́ hájárì wọ̀nyẹn ń tanná. Láràárọ̀ ni Dhapu ń gbé ife omi kan lọ fún Khinvo lórí ibùsùn, láràárọ̀ ni ó ń mu ún, tí òdòdó sì ń yó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dhapu ń yan rótì lọ́wọ́. Èéfín wà lójú rẹ̀, ó sì ń rántí gbogbo ìwọ̀sí ilé náà. Khinvo pè fún omi. Ó tún pè.

"Ẹ ṣe sùúrù!" ni Dhapu fi ìkanra dá a lóhùn. "Òjò ò tíì rọ̀."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Ó fi rótì sílẹ̀ nínú iná, ó sáré bu omi, ó sì gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Òdòdó kan láàárín wọn ti yí orí. Ilẹ̀kùn Dhapu ló ń wò.